Bí Ojú Ṣe Ríran Wọ Inú Egungun Àgbọ̀n

Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ihò Eléérú ni wọ́n ń pe ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Iwo Eleru ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ. Nísàlẹ̀, lábẹ́ eérú àti àfọ́kù òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ṣe irinṣẹ́, wọ́n bá egungun ẹnì kan: agbárí, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti díẹ̀ lára egungun ara yòókù. Don Brothwell, onímọ̀ nípa egungun, bá Shaw kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1971. Nígbà tó di 2011, Katerina Harvati àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Caleb Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, tún agbárí náà yẹ̀ wò. Ọjọ́ orí tí wọ́n ṣírò fún un wà láàárín nǹkan bí 11,700 ọdún sí 16,300 ọdún.

Ihò yìí kò jìnnà sí gúúsù Èkìtì. Ẹni tó bá jáde ní Ìkẹ́rẹ́ tó gba ọ̀nà Àkúrẹ́ ti ń sún mọ́ àdúgbò rẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ Ìsẹ̀ àti Ẹmùré dó, kí ẹnikẹ́ni tó fi Aisegba ṣe ilé, ẹnì kan ti fi àgbọ̀n yẹn jẹun, ó ti fi sọ̀rọ̀, ó sì ti fi rẹ́rìn-ín. Ẹran ara rẹ̀ jẹrà tán, ṣùgbọ́n egungun dúró de àwọn tó máa wá wò ó. Wíwò yẹn gan-an ni ìtàn tó wà níhìn-ín: bí èèyàn ṣe ń wá ọ̀nà, láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, láti mọ ohun tó wà nínú egungun tí ojú lásán kò lè wọ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn aláìsàn ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìtàn náà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ̀ lọ.

Eyín àgbìn ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú lónìí. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ lè lọ bá dókítà eyín pé òun kò fẹ́ eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń bọ́ sínú omi lálaalẹ́. Dókítà á lu ihò sínú egungun àgbọ̀n, á ti skúrù kékeré kan tí wọ́n fi irin titanium ṣe bọ̀ ọ́, á sì fi í sílẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun lè dì mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi eyín dé e lórí. Ẹni tó bá rí i tí wọ́n ṣe é parí á rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Àmọ́ gbogbo ewu rẹ̀ wà níbi tí ojú kò tó, kí irin ìlu tó kan ara rárá.

Nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wà. Ó wọlé láti apá inú, níbi tí egungun ti gòkè lọ sí ìhà etí, ó gba abẹ́ àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn, ó sì yọ síta níwájú, lábẹ́ àwọn eyín tó wà láàárín eyín ajá àti eyín ńlá. Iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ ìgbóná, òtútù àti ìrora ló ń gba ibẹ̀ kọjá, òun àti òpójẹ̀. Bí irin ìlu bá gún iṣan yìí, ètè lè kú. Ẹni náà á máa mu tíì tó ń jó o láìmọ̀, itọ́ á máa ṣàn sí i lágbọ̀n níwájú èèyàn, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù tàbí títí ayé. Lápá inú àgbọ̀n kan náà, lábẹ́ ahọ́n, egungun máa ń kò sínú. Irin tó bá yọ síbẹ̀ tó sì já òpójẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kóra jọ sábẹ́ ahọ́n, kó tì í sókè, kó sì dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Àgbọ̀n òkè ní ti ẹ̀. Lókè àwọn eyín ńlá, inú egungun ṣófo, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Nathaniel Highmore, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe àlàfo náà ní 1651. Ó kọ nípa obìnrin kan tí wọ́n yọ eyín fún tí ihò sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà ti ìyẹ́ ẹyẹ bọ ihò ọ̀hún, ó rí i pé ó ń wọlé lọ ni, ẹ̀rù sì bà á pé ó fẹ́ kan ọpọlọ òun. Inú àlàfo yẹn ni ìyẹ́ náà wà. Lónìí, tí dókítà kò bá mọ bí egungun tó wà lábẹ́ àlàfo náà ṣe nípọn tó, skúrù tó fẹ́ fi gbin eyín lè bọ́ sínú rẹ̀.

Kí èèyàn tó mọ gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gba ohun tí ìwé wí gbọ́. Galen, oníṣègùn ńlá tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, kọ ọ́ pé egungun méjì ló para pọ̀ di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ èèyàn. Ara ọ̀bọ àti ẹranko mìíràn ló máa ń là wò, nítorí pé wọn kì í gbà kí wọ́n la òkú èèyàn nígbà yẹn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn oníṣègùn fi ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni àṣìṣe náà ti kọ́kọ́ hàn síta. Ìyàn ńlá mú ní Íjíbítì láàárín 1200 sí 1202, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹ. Abd al-Latif al-Baghdadi, oníṣègùn tó ti Baghdad wá, gbọ́ pé egungun èèyàn wà ní òkìtì ní al-Maqs, lẹ́bàá Kairo. Ó lọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn yẹ agbárí tó lé ní 2,000 wò, àwọn kò sì rí ìlà kankan tó pín àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sí méjì: egungun kan ṣoṣo ni. Ó ní ohun tí ojú rí lágbára ju ohun tí Galen kọ lọ, bó ti wù kí Galen mọ̀wé tó. Ìgboyà ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn ní ìgbà ayé rẹ̀, ó sì yẹ kí orúkọ ọkùnrin yìí wà lẹ́nu gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ní Áfíríkà. Nǹkan bí 340 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1543, Andreas Vesalius tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Basel, ó sì sọ ohun kan náà fún àwọn ará Yúróòpù. Ìlà náà wà lára ọmọ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dì ní ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ bá lò láyé.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí, òkú ni wọ́n wò. Bí wọ́n ṣe máa wo inú àgbọ̀n ẹni tó ṣì ń mí ni kò sí ẹni tó mọ̀.

Ní 1893, àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú ká lẹ́yìn ogun ọdún 16, àwọn ará Èkìtì sì ń padà sílé láti lọ tún oko wọn ro. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó sì di ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ kò tíì sí, èyí tó ti wà ní British Museum láti 1924. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ogun tú ká, ní November 8, 1895, Wilhelm Röntgen ní ìlú Würzburg ní Jámánì rí ìtànṣán kan tó ń la pákó àti ẹran ara kọjá, tí egungun sì ń dí i lọ́nà. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, egungun ìka àti òrùka hàn kedere. Ìtànṣán yẹn ni gbogbo ayé ń pè ní ẹ́síréè.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn tí ìròyìn rẹ̀ jáde tí ó fi dé ẹnu. Ní January 1896, Otto Walkhoff, dókítà eyín ní Braunschweig, fi gíláàsì àwòrán tó wé sẹ́nu ara rẹ̀, Friedrich Giesel sì tan ìtànṣán náà sí i. Ìṣẹ́jú 25 ni Walkhoff fi dùbúlẹ̀ láìmira. Lónìí, ẹ́síréè eyín kan kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn aṣáájú yìí sanwó ohun tí wọ́n rí. Giesel kú ní 1927, àrùn jẹjẹrẹ tí ìtànṣán fà ló pa á. Ní New Orleans, C. Edmund Kells tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú ẹ́síréè lò fún eyín ní Amẹ́ríkà máa ń di gíláàsì àwòrán mú lọ́wọ́ fún aláìsàn; àrùn jẹjẹrẹ jẹ ìka rẹ̀, wọ́n gé ìka, wọ́n gé ọwọ́, wọ́n gé apá, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1928. Ìyà wọn ló kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé wọn láti máa fi aṣọ òjé bo aláìsàn, kí òṣìṣẹ́ sì bọ́ sẹ́yìn ògiri kó tó tẹ bọ́tìnì.

Láti orí eyín kan ni wọ́n ti bọ́ sórí gbogbo àgbọ̀n. Ní Finland, ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, Yrjö Paatero ṣe ẹ̀rọ tó ń yí orí aláìsàn ká, tó sì ń tẹ́ àgbọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ sórí fíìmù kan ṣoṣo, láti etí dé etí. Ẹ̀rọ yìí tàn kálẹ̀, ilé-ìwòsàn eyín púpọ̀ ní Nàìjíríà ṣì ń lò ó. Ó dára, ó sì wúlò. Síbẹ̀ òjìji ni. Ó ń fi gígùn àti gíga hàn, kò lè sọ bí egungun ṣe nípọn tó láti ìta dé inú, ó sì máa ń mú kí nǹkan tóbi ju bó ṣe rí lọ. Dókítà tó bá fi rúlà wọn egungun lórí rẹ̀ láìyọ àṣejù yẹn kúrò lè rò pé àyè ṣì kù, nígbà tí irin ìlu ti wà lẹ́nu ọ̀nà iṣan.

Lẹ́yìn náà ni ìtàn yìí wá bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá gan-an, àrùn ló sì gbé e wá.

Ní 1957, ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Uganda, wọ́n pe Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ, láti wá wo ọmọkùnrin kékeré kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Burkitt tún rí ọmọ mìíràn bẹ́ẹ̀, ó kọ ìròyìn wọn jáde ní 1958, ayé sì wá mọ̀ pé àrùn jẹjẹrẹ kan wà tó fẹ́ràn àgbọ̀n àwọn ọmọdé Áfíríkà, ní àwọn ibi tí ibà ti pọ̀. Àrùn náà wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tó ní in wá sí UCH, ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ibẹ̀. Níbẹ̀ ni Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó kàwé ní Ìbàdàn tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, ti ń fi oògùn wò wọ́n. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ayé gbà pé ọ̀bẹ nìkan ni wọ́n lè fi dojú kọ jẹjẹrẹ, oògùn mú kí ìwú àgbọ̀n àwọn ọmọ yìí lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn mìíràn sì là á já. Ngu wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker ní 1972 nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ́síréè ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí àrùn náà. Ìlà funfun tínínrín kan wà tó yí gbòǹgbò eyín ká nínú egungun. Nínú àgbọ̀n ọmọ tí àrùn yìí ti wọ̀, ìlà náà máa ń pòórá kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Àwọn dókítà tó ń wo fíìmù àwọn ọmọ yìí mọ egungun tó yí eyín ká débi pé àìsí ìlà kan ṣoṣo tó láti mú wọn dìde. Ó yẹ ká rántí pé ìmọ̀ yẹn ti ara àwọn ọmọ abúlé wá, àwọn ọmọ tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan.

Ní UCH kan náà, J. O. Akinosi àti A. O. Williams kó ìtàn àwọn aláìsàn mìíràn jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1969: kókó àgbọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ameloblastoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ tó ń sáré. Jẹ́jẹ́ ló ń dàgbà, kì í dun ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fẹ egungun láti inú títí egungun á fi tín-ín-rín. Nítorí pé kò dun ni, àwọn aláìsàn máa ń fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé ilé-ìwòsàn, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rò pé ayé ló ń bá wọn jà. Ìgbà tí wọ́n bá dé, àwọn dókítà á ní láti gé apá kan àgbọ̀n kúrò. Bí wọ́n á ṣe tún un ṣe, kí ẹni náà lè jẹun kó sì jókòó láàárín ẹgbẹ́ láìbo ojú, ni iṣẹ́ tó ti gba àròjinlẹ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu ní Ìbàdàn, Èkó àti Ilé-Ifẹ̀ láti ìgbà náà. Kí ọ̀bẹ tó kan egungun, àwòrán ló ń sọ ibi tí wọ́n máa gé e dé.

Akinosi yìí kan náà ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣègùn eyín káàkiri ayé títí dòní, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn èèyàn tó mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa kò pọ̀. Láti 1884 tí William Halsted ti fi oògùn pa iṣan àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lára, ohun tí dókítà máa ń ṣe ni pé kó ní kí aláìsàn la ẹnu gbàgà kó tó gún abẹ́rẹ́ síbi tí iṣan náà ti ń wọ inú egungun. Báwo ni ti ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè là? Ẹni tí eyín ọgbọ́n dùn títí àgbọ̀n fi há, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ lágbọ̀n, ẹni tí ìwú dì lẹ́nu? Ní 1977, Akinosi tẹ ìwé kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí aláìsàn pa eyín dé, kó dẹ ara. Kí dókítà gba àlàfo tó wà láàárín eyín òkè àti egungun àgbọ̀n tó gòkè, kó rin abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn ní ìpele èrìgì òkè, kó sì tú oògùn sílẹ̀ níbi tí iṣan ń gbà kọjá. Sunder Vazirani ti kọ nǹkan tó fara jọ ọ́ ní 1960, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da orúkọ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Akinosi ló mú kí àwọn dókítà máa lò ó. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í kan egungun lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gún un gbọ́dọ̀ ti mọ àgbọ̀n nínú orí ara rẹ̀.

Èkó ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1966. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970, àwọn mìíràn sì ti dé, títí kan ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní 2015, tí kò jìnnà sí gúúsù Èkìtì.

Ní ti irin tí wọ́n ń gbìn, ehoro ló kọ́kọ́ gbé e. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark ní Sweden fi ago kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe sínú egungun ehoro láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò ṣeé yọ mọ́: egungun ti dì mọ́ irin. Ọdún 13 ló fi dán an wò kó tó fi sẹ́nu èèyàn. Gösta Larsson, tí wọ́n bí tòun ti àléébù àgbọ̀n, gba tirẹ̀ ní 1965, ọdún kan náà tí wọ́n wa Ihò Eléérú, ó sì ń lò ó títí ó fi kú ní 2006. Àwọn oníṣègùn eyín mìíràn kò kọ́kọ́ gba Brånemark gbọ́. Ìpàdé tí George Zarb pè ní Toronto ní 1982 ló yí èrò wọn padà. Àwọn Maya ti Honduras sì ti gbìyànjú irú rẹ̀ tipẹ́. Ní 1931, wọ́n rí àgbọ̀n kan níbẹ̀, tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 600, ìkarahun mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ bí eyín wà níbi tí eyín iwájú wà. Nígbà tí Amadeo Bobbio ya ẹ́síréè rẹ̀ ní 1970, ó rí i pé egungun ti hù yí ìkarahun náà ká: ẹni náà ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Ní Èkìtì, ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ ni kí eyín má yọ rárá. Orín àtà tó máa ń ta ahọ́n, orín àyán, orín ìdí, orín orógbó: òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti máa ń run ún lẹ́nu ọ̀nà oko, títí igi á fi di fọ́nrán. Eyín tó bá bọ́ lẹ́nu ọmọdé, wọ́n á jù ú sórí òrùlé, òmíràn á sì hù. Ṣùgbọ́n eyín àgbà kì í hù mọ́, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú egungun kò hàn sí ẹnikẹ́ni.

Egungun tó ń gbé eyín wà nítorí eyín ni. Bí eyín bá lọ, egungun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìwádìí kan tí Lars Schropp àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Denmark, tó jáde ní 2003, fi hàn pé láàárín ọdún kan tí wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn, ìbú egungun ibẹ̀ ti dín kù tó ìdajì, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ní 1972, Antje Tallgren ti kọ nípa àwọn tí kò ní eyín rárá tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 25: egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn dín kù ní ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Ìdí nìyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà tí kò ní eyín fi máa ń jìn, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ imú. Ẹni tó yọ eyín ní Aisegba ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó wá gbọ́ nípa eyín àgbìn lónìí, kò gbé egungun ìgbà náà wá mọ́. Ọ̀nà iṣan kò kúrò níbi tó wà. Orí egungun ló ń sọ̀ kalẹ̀ bá a. Lókè, àlàfo afẹ́fẹ́ sì ń gbòòrò sí ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ tó mọ ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ kì í kọ ebè láìmọ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe jìn tó lórí àpáta, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún ẹni tó fẹ́ gbin irin sínú egungun.

Ẹ̀rọ tó jẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n dé láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ EMI tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù orin, rò ó pé bí wọ́n bá tan ẹ́síréè sí orí láti ìhà púpọ̀, kọ̀ǹpútà lè to gbogbo òjìji náà pọ̀ di àwòrán inú orí. Ní October 1, 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ náà wo aláìsàn àkọ́kọ́ ní ilé-ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti Allan Cormack, ọmọ South Africa tó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní CT, fi ìbú kún gígùn àti gíga. Ó wọ́n, ó tóbi, ìtànṣán rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbin eyín kan péré. Ní 1998, Piero Mozzo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Verona ní Ítálì kéde ẹ̀rọ tó kéré tó sì ń yí orí ká lẹ́ẹ̀kan péré, Yoshinori Arai náà sì ń ṣe irú rẹ̀ ní Japan ní àsìkò kan náà. CBCT ni wọ́n ń pè é. Aláìsàn lè jókòó tàbí kó dúró, ìtànṣán tó ń gbà sì máa ń kéré sí ti CT ńlá.

Ohun tí dókítà ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀ rí báyìí. Á gé àgbọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti ìta dé inú. Á fi àwọ̀ kun ọ̀nà iṣan láti ibi tó ti wọlé dé ibi tó ti yọ. Á wọn gíga egungun, á wọn ìbú rẹ̀, á wo bóyá egungun kò sínú lábẹ́ ahọ́n. Á yan skúrù tó bá àyè mu, á sì rí i pé ó kéré tán mílímítà 2 ló wà láàárín orí irin àti ọ̀nà iṣan. Bí egungun òkè bá tín-ín-rín jù, á mọ̀ ṣáájú pé àfi kí òun gbé awọ àlàfo afẹ́fẹ́ sókè, kí òun sì fi egungun kún un, iṣẹ́ tí Philip Boyne àti Robert James tẹ̀ jáde ní 1980. Nígbà mìíràn, wọ́n á tẹ ṣíṣu kan tó ní ihò jáde láti inú àwòrán náà, tí wọ́n á fi bo eyín aláìsàn kí irin ìlu má bàa yà.

Ibi tí iṣan ti ń yọ síta níwájú kò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Tanzania fi hàn pé lára ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́ eyín kejì tó tẹ̀ lé eyín ajá ló wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ nípa àwọn ará Yúróòpù, iwájú ibẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Lára àwọn kan, iṣan náà tún máa ń yí kọ́rọ́ síwájú kó tó jáde. Dókítà tó bá lu ihò nítorí ohun tó kà nínú ìwé nìkan ń ṣe ohun tí àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ Galen sọ ṣe.

Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní Adó-Èkìtì àti ní Ìdó-Èkìtì, àwọn ará Aisegba, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré sì ń lọ síbẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rọ CBCT àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà wà ní ilé-ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wọn, ní iye tí tíṣà àti àgbẹ̀ lè san, kó má ṣe di ohun tí olówó Èkó àti Abuja nìkan ń rí lò. Ó sì yẹ kí àwọn àwòrán tí wọ́n bá yà níbẹ̀ di ìwádìí lórí àgbọ̀n àwọn ará Èkìtì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Adó àti Oǹdó lè rí ara wọn nínú ìwé tí wọ́n ń kà. Aláìsàn pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí eyín bá yọ, kó má ṣe fi ọdún pọ̀ ọdún kó tó béèrè ohun tó kàn. Bí dókítà bá sì ní òun fẹ́ gbin eyín fún un, kó béèrè pé kí wọ́n fi inú egungun rẹ̀ hàn án lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ọ̀nà iṣan, kí wọ́n sì sọ fún un ní mílímítà iye àyè tó kù. Dókítà tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.